Omi Tòrò, Ẹyin Aràn Ò Kú: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yọ Ẹyin Aràn Kúrò Nínú Omi Ẹ̀gbin

Ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń tún omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe, tó rí i pé omi tó ń jáde ti tòrò, tí òórùn kílórìnì sì ń ta á nímú, á gbà pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí nínú omi náà mọ́. Ní ti kòkòrò onígbáméjì àti ti táífọ́ọ̀dù, ó lè jàre. Ní ti ẹyin aràn, kò jàre rárá. Ìwọ̀n kílórìnì tí wọ́n ń fi sínú omi kì í pa ẹyin aràn inú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n ń náwó sórí kẹ́míkà, nígbà tó jẹ́ pé àkókò àti omi tó dúró jẹ́ẹ́ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹyin náà fúnra rẹ̀. Abo aràn inú kan, èyí funfun tó gùn bí ekòló ńlá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ascaris, lè yé ẹyin tó 200,000 lójúmọ́, gbogbo rẹ̀ ló sì ń bá ìgbẹ́ jáde. Ẹyin kọ̀ọ̀kan kéré débi pé bí a bá to mẹ́rìndínlógún tẹ̀léra, gígùn wọn kò ní ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Síbẹ̀, èèpo rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Tòde rí ṣákaṣàka, òróòro inú ìfun ló sì pa á láró di àwọ̀ ilẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni èèpo líle kan wà, irú èyí tó wà lára edé àti kòkòrò. Tinú pátápátá dà bí ọ̀rá, òun gan-an ló ń sé ọ̀nà mọ́ kẹ́míkà. Kí ẹ lè mọ bó ṣe le tó: nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ láàbù bá fẹ́ kí ẹyin yìí dàgbà láìsí pé ìhu bò ó, inú omi tí wọ́n bu ásíìdì súfúríìkì díẹ̀ sí ni wọ́n ń kó o sí. Ásíìdì yẹn ń pa ìhu àti bakitéríà, ẹyin aràn ń dàgbà nínú rẹ̀ ní tirẹ̀.

Bó bá bọ́ sínú ilẹ̀ tútù tó ní ibòji, ó lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì lè kó ran èèyàn. Ó ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nínú ilẹ̀ tó móoru kí ọmọ inú rẹ̀ tó dàgbà tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kù kó gba ara ẹ̀fọ́ tàbí ọwọ́ ọmọdé wọ ẹnu. Trichuris, aràn tó rí bíi pàṣán, ń tọ ọ̀nà kan náà. Hookworm, aràn amùjẹ̀ ní tirẹ̀, yàtọ̀: láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni ẹyin rẹ̀ ń pa nínú ilẹ̀, ọmọ rẹ̀ á sì gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà wọlé.

Ó ń rògún bí ògì

Báwo wá ni a ṣe ń yọ ohun tí kẹ́míkà kò rí ṣe? Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí ti mọ ìdajì ìdáhùn. Bí ògì bá sun inú báfù mọ́jú, á rògún sísàlẹ̀, omi rẹ̀ á dá lókè, a ó sì rọra da omi náà kúrò láìru ìsàlẹ̀ sókè. Ẹyin aràn náà wúwo ju omi lọ díẹ̀. Bí ìwúwo omi bá jẹ́ 1, ti ẹyin Ascaris tó 1.11, ti Trichuris tó 1.15, ti hookworm sì jẹ́ nǹkan bíi 1.055. Nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́, ẹyin Ascaris ń rì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65 ní wákàtí kan. Ti Trichuris ń rì tó mítà kan ààbọ̀. Ti hookworm ló lọ́ra jù, kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 39 lọ.

Pẹ̀lú ìṣirò yìí, nínú adágún, ìyẹn kòtò ńlá tí wọ́n gbẹ́ kí omi ẹ̀gbin lè dúró sí, tó jìn ní mítà kan ààbọ̀, ó yẹ kí ẹyin Ascaris ti kanlẹ̀ láàárín wákàtí méjì àti díẹ̀. Kí ló dé tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń sọ pé kí omi lo ọjọ́ mẹ́wàá? Nítorí pé omi adágún kì í sinmi bíi ti báfù. Atẹ́gùn ń tì í. Oòrùn ń mú òkè rẹ̀ gbóná lọ́sàn-án, òru ń mú un tutù, omi òkè àti ti ìsàlẹ̀ á sì máa pààrọ̀ ààyè. Ẹ̀gbin tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ń pọ́n gáàsì sókè, gáàsì yẹn sì ń gbé ìdọ̀tí àti ẹyin tó ti rì tẹ́lẹ̀ gòkè padà.

Táǹkì oníkọnkéré àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tún ní ìṣòro tirẹ̀. Wákàtí díẹ̀ péré ni omi ń lò níbẹ̀, bí ẹ bá sì pín omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá sórí fífẹ̀ rẹ̀, omi náà ń gòkè ní nǹkan bíi mítà kan sí méjì ní wákàtí kan. Ẹyin tó ń sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 65 nígbà tí omi ń gbé e ní mítà kan ààbọ̀, òkè ló ń lọ. Àwọn tó lẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí ńlá ló ń bá a sọ̀kalẹ̀; ọ̀pọ̀ nínú ìyókù á bá omi jáde. Èyí ló fà á tí táǹkì tó náni lówó gọbọi fi lè ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ohun mìíràn, kó sì kùnà lórí ẹyin aràn.

Adágún mẹ́ta sàn ju ńlá kan lọ

Ní ilẹ̀ olóoru tí ààyè bá wà, kò sí ohun tó rọrùn tó sì dájú tó adágún tó tẹ̀léra. Kò fẹ́ iná mànàmáná, kò fẹ́ kẹ́míkà. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní irú rẹ̀ fún omi ẹ̀gbin ọgbà rẹ̀. Àkọ́kọ́ máa ń jìn, mítà méjì sí márùn-ún, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí tó wúwo ń rì sí. Èkejì kì í ju mítà kan ààbọ̀ lọ dáadáa, ó sì máa ń rí àwọ̀ ewé nítorí èéhù (algae), àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ bí ewéko tó ń hù nínú omi, tó wà lójú rẹ̀. Ẹ̀kẹta jìn tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, òun ló ń parí iṣẹ́.

Ní 1992, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Ayres àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fa ìṣirò kan yọ láti inú ohun tí wọ́n rí nínú àwọn adágún ní Brazil, Íńdíà àti Kẹ́ńyà. Ìṣirò náà ní ìṣọ́ra nínú: ohun tó kéré jù tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé ló ń sọ. Bí omi bá lo ọjọ́ kan nínú adágún, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ẹyin ló máa rì síbẹ̀, tí kò ní bá omi jáde. Ọjọ́ mẹ́rin á mú ìdá 93, ọjọ́ márùn-ún á mú nǹkan bíi 95.6, ọjọ́ mẹ́wàá á mú 99.3.

Ẹ jẹ́ ká lò ó. Ká ní ẹyin 500 wà nínú lítà kan omi ẹ̀gbin tó ń wọlé. Bí ẹ bá gbẹ́ adágún ńlá kan tí omi á lo ọjọ́ mẹ́wàá nínú rẹ̀, ẹyin mẹ́ta ààbọ̀ ló máa kù nínú lítà kan. Ẹ wá pín ọjọ́ mẹ́wàá kan náà sí adágún mẹ́ta: ọjọ́ kan, ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin. Àkọ́kọ́ á dá 500 padà sí 127, èkejì á mú un wá sí bíi 5.5, ẹ̀kẹta á mú un wá sí 0.37. Ilẹ̀ kan náà ni, omi kan náà ni, àbájáde sì fi ìlọ́po mẹ́sàn-án dára jù. Ìdí ni pé nínú adágún kan ṣoṣo, omi tó bá rí ọ̀nà àbùjá ti bọ́ nìyẹn. Nínú mẹ́ta, ó ṣòro kí omi kan náà bùjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé kalẹ̀ fún omi tí a fẹ́ fi bomi rin oko ni kí ẹyin má ju ẹyọ kan lọ nínú lítà kan. Bí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bá ń ṣiṣẹ́ tàbí ṣeré nínú oko náà, 0.1 ni, ìyẹn ẹyọ kan nínú lítà mẹ́wàá. Adágún òkè yìí bá ti àgbàlagbà mu, kò bá ti ọmọdé mu. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin kún ẹ̀kẹta kó di mẹ́jọ, á já sí bíi 0.08.

Ní ti fífẹ̀ rẹ̀: agbègbè tí èèyàn 2,000 ń gbé, tí omi ẹ̀gbin ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ lítà 80 lójúmọ́, ń mú 160,000 lítà wá lójoojúmọ́. Adágún ọlọ́jọ́ márùn-ún gbọ́dọ̀ gba 800,000 lítà. Bó bá jìn ní mítà kan ààbọ̀, ojú rẹ̀ kò ní tó pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà. Ṣùgbọ́n ti ẹyin aràn nìkan nìyẹn o. Bí ìdọ̀tí tó ń wọlé bá ki, adágún kejì gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìṣe bẹ́ẹ̀ á máa rùn, èéhù rẹ̀ á sì kú.

Ohun tó ń ba adágún jẹ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ẹnu tí omi ń gbà wọlé àti ẹnu tó ń gbà jáde dojú kọ ara wọn. Lórí ìwé, ọjọ́ márùn-ún. Nínú omi, wákàtí mélòó kan. Ẹ fi wọ́n sí igun tó jìnnà síra jù. Bí adágún bá ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ fi pákó tàbí bíríkì la inú rẹ̀ kí omi lè máa lọ, kó máa bọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti sábà ń fẹ́ wá, kí atẹ́gùn má bàa máa tì í lọ sí ẹnu àbájáde. Ọ̀nà kan tí kò náni ní nǹkan láti fi yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: ẹ ju ọsàn bíi mẹ́wàá sí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé. Ọsàn ń léfòó, ṣùgbọ́n púpọ̀ ara rẹ̀ ń wà nínú omi, nítorí náà atẹ́gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé e sáré. Bí wọ́n bá dé ẹnu àbájáde kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀nà àbùjá wà.

Ibi tí páìpù àbájáde ti ń fa omi náà ṣe pàtàkì. Nínú adágún àkọ́kọ́, kó wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sábẹ́ ojú omi, kí ìdọ̀tí tó ń léfòó má bàa wọ̀ ọ́. Nínú èkejì, sẹ̀ǹtímítà 60, kó lè wà lábẹ́ èéhù. Nínú ẹ̀kẹta, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ti tó. Ẹni tó bá fi páìpù sí ìsàlẹ̀ pátápátá, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló ń fà, àti gbogbo ẹyin tó ti rì.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà sì ń pọ̀ sí i. Bó bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta adágún àkọ́kọ́, ó ti tó kó. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n rọrùn: ẹ wé táwẹ̀lì funfun mọ́ igi gígùn kan, ẹ tì í bọlẹ̀ tààrà títí á fi kanlẹ̀, ẹ rọra fà á jáde. Ibi tí ẹrẹ̀ dúdú bá lẹ̀ mọ́ táwẹ̀lì dé ni gíga gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹ ṣe é ní ibi bíi márùn-ún, nítorí pé ẹ̀bá ẹnu tí omi ń gbà wọlé ló ń ki jù.

Ibi tí ilẹ̀ bá há

Nínú ìlú ńlá tí kò sí ààyè fún adágún, álọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń fi mú omi kànga tòrò. Álọ́ọ̀mù ń kó ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ jọ di ìṣù, ẹyin á há sínú ìṣù náà, á sì bá a rì kíákíá. Lẹ́yìn náà ni omi á gba inú iyanrìn tó nípọn tó mítà kan, tí hóró rẹ̀ tó mìlímítà kan, kọjá. Ọ̀nà yìí dára gan-an, bí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni omi tí wọ́n fi ń fọ iyanrìn náà: ẹyin kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bí wọ́n bá dà á sí gọ́tà, iṣẹ́ àná ni wọ́n tú ká. Ìbẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n dá a padà sí.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ẹyin ti lọ?

Ojú lásán kò lè rí i, òórùn kò sì lè sọ ọ́. Kíkà ni. Àwọn tó ń yẹ omi wò máa ń bu lítà kan bó bá jẹ́ omi tó ń wọlé, lítà mẹ́wàá bó bá jẹ́ èyí tó ń jáde, nítorí pé ẹyin inú rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Wọ́n á jẹ́ kó rògún fún wákàtí kan sí méjì, wọ́n á fi rọ́bà fa ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá omi òkè kúrò, wọ́n á da ìyókù sínú túùbù, wọ́n á sì fi ọṣẹ olómi ṣan ara ike tí wọ́n fi bu omi náà dáadáa, nítorí pé ẹyin máa ń lẹ̀ mọ́ ike. Ẹ̀rọ tó ń yí túùbù bírí á sọ ohun tó wúwo di ìṣù kékeré nísàlẹ̀. Wọ́n á fi kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní íítà (ether) yọ ọ̀rá kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á po ìṣù náà mọ́ omi tí wọ́n po zinc sulphate, irú iyọ̀ kan, sí, tó wúwo tó 1.18. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: ẹyin tó ń rì nínú omi lásán ń léfòó nínú èyí, nítorí pé kò wúwo tó o mọ́. Wọ́n á bu díẹ̀ sínú gíláàsì McMaster, gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún kíka ẹyin, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹyin gòkè, wọ́n á wá fi maikirosíkóòpù kà á.

Ẹ kíyè sí ìṣirò rẹ̀. Gíláàsì yẹn kò gbà ju 0.3 mìlílítà lọ. Bí gbogbo ohun tí wọ́n pò bá jẹ́ mìlílítà mẹ́fà láti inú lítà mẹ́wàá, tí wọ́n sì rí ẹyin ẹyọ kan ṣoṣo, ẹyin méjì ló wà nínú lítà kan nìyẹn, ó sì ti kọjá òdiwọ̀n. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé èsì tó jẹ́ òdo wá láti inú gíláàsì kan péré, ẹ bi í léèrè iye tó kà àti iye lítà omi tó bù.

Ibi tí ẹyin ń sá lọ

Gbogbo ohun tí a ti sọ títí dé ibí kò tíì pa ẹyin kankan. Ó kàn kó wọn kúrò nínú omi, ó kó wọn sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Bí omi bá ṣe mọ́ tó ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ṣe léwu tó. Bákan náà ló rí pẹ̀lú sókàwéè ilé wa: ohun tí ọkọ̀ afàgbẹ́ ń fà jáde níbẹ̀ jẹ́ ẹyin ọ̀pọ̀ oṣù tó ti kóra jọ. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dà á sóko ẹ̀fọ́ òun nítorí pé ó lọ́ràá ti gbin aràn.

Ooru ló ń pa á. Ní ìwọ̀n 62 Celsius, wákàtí kan ti tó. Ní 50, ọjọ́ kan. Ní 46, ọ̀sẹ̀ kan. Ní 43, oṣù kan. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ àjílẹ̀ ṣe fi ń po gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mọ́ èpò gbígbẹ, ẹ̀rún igi tàbí èèpo ẹ̀gẹ́, tí wọ́n sì ń kó o jọ ní òkìtì kí ó lè gbóná fúnra rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà fún òkìtì tí wọ́n ń yí ni kí ooru rẹ̀ má rẹlẹ̀ ju 55 lọ fún ọjọ́ 15, kí wọ́n sì yí i ó kéré tán lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín àkókò náà. Yíyí yẹn kì í ṣe àṣejù. Inú òkìtì lè gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tutù bí ilẹ̀. Ẹyin tó wà ní ẹ̀yìn kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Èyí tó wà lóde gbọ́dọ̀ di ti inú. Bí òkìtì bá kéré jù, tí kò tó mítà kan ní gíga, kò ní gbóná. Bó bá tutù pọ́tọpọ̀tọ, atẹ́gùn kò ní rí ọ̀nà gbà, á rùn, kò ní gbóná bákan náà.

Sísá sóòrùn lórí iyanrìn, ní nípọn sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, wúlò láti mú omi kúrò. Bí ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti ṣeé fi ṣọ́bìrì kó. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ó ti parí níbẹ̀. Kò tíì parí: ohun tí ọwọ́ gbà pé ó gbẹ ṣì ní ọ̀rinrin tó pọ̀ nínú, ẹyin Ascaris sì ń gbé inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn sísá, kíkó pamọ́ ló kù. Ní ilẹ̀ tó móoru bíi tiwa, ó gbọ́dọ̀ ju ọdún kan lọ, lábẹ́ òrùlé tí òjò kò ní pa á, láìda tuntun lé e. Ọ̀tọ̀ ni ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó tuntun, ọ̀tọ̀ ni ti èyí tó ti pé. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kó òkìtì náà jọ gbẹ̀yìn sára pákó kan, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá da ẹyọ ọmọlanke kan péré lé e, ọjọ́ yẹn ni kíkà tún bẹ̀rẹ̀.